Bọ́ọ̀lù ń ya sósì ní ìpele Master

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. PGA Tour 2K21, géèmù gọ́ọ̀fù, ni mo ń gbá lórí kọ̀ǹpútà, páàdì ni mo ń lò. Ní ìpele Pro-Am, tó rọrùn díẹ̀, kò sí wàhálà. Mo gbé e sí Master, tó le jù ú lọ, gbogbo bọ́ọ̀lù wá ń ya sósì. Ṣé géèmù yìí ló le jù ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ọwọ́ yín ló ń yá jù. Tí ẹ bá fa sítíìkì páàdì sẹ́yìn, tí ẹ wá tì í síwájú wàrà-wàrà, bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ọ̀tún á ya sósì. Tó bá falẹ̀, á ya sọ́tùn-ún. Pro-Am máa ń fojú fo àṣìṣe kékeré, Master kì í gbà. Ẹ lọ síbi ìdánrawò, ẹ fi 7-iron (ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá gọ́ọ̀fù) gbá bọ́ọ̀lù 20. Ẹ má wo ibi tó balẹ̀ rárá. Ohun tí géèmù bá kọ nípa ìyára ọwọ́ yín ni kí ẹ máa kà.

Ẹ má sì yí gbogbo ètò géèmù náà pa pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi swing (bí ẹ ṣe ń ju ọ̀pá) nìkan sí Pro, ìpele tó wà láàárín Pro-Am àti Master. Grid orí green, ìyẹn àwọn ìlà tó ń fi ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ hàn lórí koríko tó yí ihò ká, ni kí ẹ yọ kẹ́yìn. Àwọn kan ní ẹni tó bá ń lo grid kò gbá gọ́ọ̀fù gidi. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Lórí pápá, ẹsẹ̀ èèyàn máa ń mọ ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n pẹrẹsẹ ni ojú kọ̀ǹpútà.