Ẹ̀yìn àgọ́ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń dúró sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni mí ní ibùdó àwọn ogunléndé kan. Wọ́n fún wa ní àgọ́ ńlá kan, mítà 12 ní gígùn, mítà 6 ní fífẹ̀, pé ká fi ṣe kíláàsì. Àwọn ọmọdé ń rọ́ wá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin ọdún 13 sí 17 kì í wọlé. Ẹ̀yìn àgọ́ ni wọ́n máa ń dúró sí. Ṣé ká kun àgọ́ náà lọ́dà ni, àbí ká ra àga tuntun?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹni tó ń dúró sẹ́yìn àgọ́ lójoojúmọ́ kò kọ ẹ̀kọ́; nǹkan kan ló dí i lọ́nà.

Àkókò ni mo kọ́kọ́ fura sí. Láàárọ̀, ọmọ ọdún 15 ń pọn omi, ó ń ru ẹrù, ó ń tò fún oúnjẹ. Nígbà mìíràn òun gan-an ni olórí ilé. Kíláàsì àárọ̀ kò lè bá a mu. Iná sólà fún ìrọ̀lẹ́ wúlò ju àga lọ, ẹ sì tan ọ̀kan sójú ọ̀nà pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà ni ìtìjú. Ẹni tí ogun gba ọdún mẹ́ta ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́jọ, lórí bẹ́ńṣì tí orúnkún rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n. Ẹ má fi aṣọ pín àgọ́ sí méjì, ohùn kò mọ aṣọ. Wákàtí ni kí ẹ pín.

Ìjókòó ńkọ́? Ẹni tó sá kúrò nílé lóru kì í fẹ́ kọ ẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà. (Èmi náà ti to bẹ́ńṣì bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì rí, ìlà iwájú kò kún láéláé.) Ẹ tò wọ́n yí ká ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí ẹnu ọ̀nà wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ẹ ká aṣọ ẹ̀gbẹ́ sókè, kí ẹ fi ẹní ṣe ọgbà dé èjìká ẹni tó jókòó. Wọ́n á máa rí ìta. Ẹni tó ń kọjá á rí orí wọn, kò ní rí ìwé wọn.

Ẹ̀yìn àgọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ wá ta tapólì sí. Ti UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogunléndé, tó jẹ́ mítà 4 ní fífẹ̀, mítà 5 ní gígùn, tó fún tábìlì gíga kan àti irinṣẹ́ díẹ̀ láti tún fóònù àti kẹ̀kẹ́ ṣe. Kí ẹnikẹ́ni lè dúró níbẹ̀ láìforúkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá ní àpótí ilé-ẹ̀kọ́ UNICEF, ìyẹn àpótí ohun èlò ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe fún ọmọ 40, ìdérí rẹ̀ ṣeé kùn ní dúdú fi kọ̀wé. Ẹ gbé e jáde síbẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin náà ni kí ó fi igi àti okùn sàmì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gun òrùlé, kí wọ́n má gbẹ́ ṣáláńgá: àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1999 lórí iṣẹ́ ọmọdé ka iṣẹ́ eléwu léèwọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

Kí kíláàsì náà ní ṣáláńgá kan fún ọmọkùnrin 60, ọ̀kan fún ọmọbìnrin 30. Omi lítà mẹ́ta fún akẹ́kọ̀ọ́ kan lójúmọ́. Ẹ jìnnà sí ibi tí àwọn ológun ń jókòó, nítorí ọjọ́ orí yìí ni wọ́n ń wá kó wọ iṣẹ́ ogun.

Ní ti ọ̀dà, àwọn fúnra wọn ni kó mú àwọ̀. Kìkì pé kí ẹ kọ́kọ́ pa àwòrán ehoro àti labalábá tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́, bó bá wà níbẹ̀. Wọ́n ti dàgbà ju jẹ́lé-ó-sinmi lọ.