Bí ẹ bá fẹ́ mú ìyá yín lọ wo ọdún São João ní Porto

Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè bóyá Lisbon ni tàbí Porto, ní orílẹ̀-èdè Portugal, ló yẹ kí ẹ mú màmá yín àtàwọn ọmọ lọ fún ọdún oṣù kẹfà, àti ọdún wo ló tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Porto ni mo mọ̀ jù, torí ojú mi rí màbo níbẹ̀. Ti físà àti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ti mọ ìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ni São João, ọdún Jòhánù Mímọ́, máa ń bẹ̀rẹ̀, títí ilẹ̀ ọjọ́ 24 á fi mọ́. Gbogbo ìlú ló ń tú síta. Wọ́n ń sun sàdíìnì lójú títì, wọ́n á gbé e lé búrẹ́dì fún yín, ọ̀rá rẹ̀ á rin búrẹ́dì náà gbingbin. Lọ́gànjọ́ òru, wọ́n á yin iná aláràbarà sójú ọ̀run lórí odò Douro, nítòsí afárá Luís I. Afárá yẹn gan-an ló fìyà jẹ wá.

Gaia la sùn sí, ní òdìkejì odò. Mo ti lọ bá àwọn tó ń fún àlejò nímọ̀ràn, mo tẹnu mọ́ ọn pé orúnkún ń dun màmá mi. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó ní afárá á wà ní ṣíṣí. La bá sọdá sí Porto nírọ̀lẹ́. Nígbà tí a fẹ́ padà, ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà. Ọ̀kan ní ká gba òkè, èyí tó wà lókè ní ká sọ̀kalẹ̀ padà. Àtẹ̀gùn òkúta Ribeira, àdúgbò etí odò ní Porto, ga, Màámi ń gun ún, wọ́n ń dúró, wọ́n ń di ògiri mú, èrò ń tì wá. Takisí kankan ò lè wọlé. Obìnrin kan tó ń sun ẹja ló fi Màámi jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó bu ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbígbóná fún wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní caldo verde. Ó ṣe fún wa ju gbogbo ẹni tó wọṣọ ìjọba lálẹ́ ọjọ́ yẹn lọ. Ilẹ̀ ti ń mọ́ ká tó dé orí ibùsùn. Inú ṣì ń bí mi di òní.

Nítorí náà, inú Porto gan-an ni kí ẹ gba yàrá sí, níbi tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé. Kí ẹ sì gba ìwé sísan owó. Onílé tí a kọ́kọ́ bá ṣe àdéhùn fagi lé e nígbà tí ọdún ku fẹ́ẹ́rẹ́, a sì rí yàrá náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní owó gọbọi.

Ẹ tún sọ fún màmá nílé pé wọ́n á gbá àwọn lórí o. Òòlù oníke ni gbogbo ará ìlú ń mú dání, wọ́n á fi gbá ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Kí òòlù tó dé, òdòdó aáyù ni wọ́n ń lò. Ìkí ọdún ni lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kí ọmọdé tí a ò mọ̀ rí gbá ìyá àgbà lórí gèlè! Màámi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣépè. Wọ́n tún ń ta ewéko kan nínú ìkòkò, manjerico, ó jọ ẹfinrin wẹ́wẹ́. Ẹ má ki imú bọ̀ ọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kàn án, wọ́n á wá gbóòórùn ọwọ́ wọn.

Ti Lisbon, alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni, fún Santo António, ẹni mímọ́ tí wọ́n bí níbẹ̀. Àwọn àdúgbò máa ń jó kọjá ní Avenida da Liberdade, ọ̀nà yẹn fẹ̀. Àdúgbò Alfama tí gbogbo ayé ń sáré lọ, òkè àti àtẹ̀gùn náà ni.

Fún màmá, ọdún ọ̀sán ni mo fọwọ́ sí. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n ń ṣe ọdún Senhora da Agonia ní ìlú Viana do Castelo, àwọn obìnrin á to ẹ̀gbà wúrà sọ́rùn títí yóò fi bo àyà. Ìyá tó bá fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Tàbí kí ẹ dúró de ọdún Tabuleiros ní ìlú Tomar, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni, 2027 ló kàn, ní oṣù keje. Àwọn ọmọbìnrin á ru ọgbọ̀n búrẹ́dì tí wọ́n tò ga tó ènìyàn, òṣùká ni wọ́n fi sórí. Tomar kéré, yàrá ò pọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ń lọ tààrà láti Lisbon, ẹ lè lọ kí ẹ padà lọ́jọ́ kan náà.