Èsì: GRANT SYSDBA tó ń mú ORA-01994 wá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi GRANT (àṣẹ tó ń fúnni ní ẹ̀tọ́) fún ọmọ iṣẹ́ yín ní Ìjẹ̀bú-Òde ní SYSDBA, ẹ̀tọ́ alábòójútó tó ga jù lórí dátábéèsì Oracle, Oracle wá gbé àṣìṣe ORA-01994 jù sí yín. Kò sí ẹ̀bi ọmọ náà níbẹ̀. Fáìlì pásíwọ́ọ̀dù, èyí tí Oracle fi ń dá àwọn alábòójútó bẹ́ẹ̀ mọ̀, ni kò sí, tàbí kí wọ́n ti pa á.

Ẹ tẹ SHOW PARAMETER REMOTE_LOGIN_PASSWORDFILE. Bó bá jẹ́ NONE (Oracle ò lo fáìlì náà nìyẹn), ẹ sọ ọ́ di EXCLUSIVE pẹ̀lú SCOPE=SPFILE (kó wọ inú fáìlì ètò tí dátábéèsì ń kà bó bá ń tàn), kí ẹ pa dátábéèsì, kí ẹ tún un tàn. Bó bá ti jẹ́ EXCLUSIVE tẹ́lẹ̀, ẹ yẹ inú fódà dbs lábẹ́ ORACLE_HOME (ibi tí wọ́n fi Oracle sí) wò. Lórí Linux, orapw ni orúkọ fáìlì náà, SID (orúkọ tí dátábéèsì ń jẹ́ lórí ẹ̀rọ náà) á wá lẹ̀ mọ́ ọn ní ìdí. Bí kò bá sí níbẹ̀, orapwd ni àṣẹ tí ẹ ó fi dá a. Ibẹ̀ ló ti mú èmi ní Ṣágámù: lẹ́tà ńlá ni SID wa, lẹ́tà kékeré ni mo fún orapwd. Ìkọ́kọrẹ́ tí ìyàwó mi dì fún mi tutù pátápátá kí n tó rí i.

Bí GRANT bá ti wọlé, ẹ wo V$PWFILE_USERS (àkójọ àwọn tó wà nínú fáìlì náà), ẹ ó rí TRUE níwájú orúkọ ọmọ iṣẹ́ yín.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ṣé SYSDBA ló nílò lóòótọ́? Ẹni tó bá gba AS SYSDBA wọlé ti di SYS, ọ̀gá pátápátá dátábéèsì, nìyẹn. Bó bá jẹ́ bákọ́ọ̀pù nìkan ló ń ṣe, SYSBACKUP, ẹ̀tọ́ bákọ́ọ̀pù tó ti wà láti Oracle 12c, tó o. Kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ dba lórí Linux, torí ẹni tó wà níbẹ̀ ń wọlé láìsí pásíwọ́ọ̀dù, REVOKE (àṣẹ tó ń gba ẹ̀tọ́ padà) ò ràn án.