Ṣé alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ lè ta ọjà rẹ̀ níbi Ìpàtẹ Ńlá ọdún 1851?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ eré onítàn kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó dá lórí alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ kan láti Sheffield tó lọ síbi Ìpàtẹ Ńlá (Great Exhibition), níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti fi iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ wọn hàn, tí wọ́n ṣe ní Hyde Park, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1851. Ní ìran kejì, oṣù kẹrin ló gbé ẹrù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó san owó ìsọ̀, ó kọ iye owó sára ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan, ó tà wọ́n tán, wọ́n sì fún un ní mẹ́dàlì wúrà pẹ̀lú owó. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló bá òfin ìgbà náà mu, èwo ni kí n yí padà?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí eré náà tó dé orí ìtàgé. Sheffield àti ọ̀bẹ bá ìtàn mu gan-an. Ilé-iṣẹ́ Joseph Rodgers & Sons ti ìlú náà tiẹ̀ ṣe ọ̀bẹ kan tó ní ojú àti irinṣẹ́ 75 nítorí ìpàtẹ yìí. Gbogbo ohun tó kù ní ìran kejì ni ẹ ó tún kọ, mo sì rò pé eré náà yóò dùn sí i bí ẹ bá tẹ̀lé òfin.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Sheffield, kì í ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbìmọ̀ Ọba tó ṣètò ìpàtẹ náà, tí Ọmọọba Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, ṣe alága rẹ̀, kì í gba ọjà lọ́wọ́ ẹni tó bá kàn yọjú. Ìlú kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ kópa ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni alágbẹ̀dẹ yín ti máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún àyè. Yóò kọ irú ọjà tó fẹ́ gbé wá, àti iye ẹsẹ̀ bàtà tó ń fẹ́ nílẹ̀, lórí àtẹ tàbí lára ògiri. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1850 ni gbèdéke. Àyè táwọn ènìyàn béèrè ju èyí tó wà lọ, nítorí náà wọ́n gé ti àwọn kan kù, wọ́n sì dá àwọn mìíràn padà pátápátá. Bí ẹ bá ń wá ìjà fún eré yín, ibí ni kí ẹ ti wá a: àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń figagbága lọ́jà lójoojúmọ́, tí wọ́n wá jókòó ń pín ẹsẹ̀ bàtà láàárín ara wọn.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní títí dé ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1851 ni wọ́n fi ń gba ẹrù. Lójú òfin, ẹni tó dé ní oṣù kẹrin ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ ló pẹ́ lóòótọ́. Yìnyín òkun Baltic dá ẹrù àwọn ará Rọ́ṣíà dúró débi pé apá tiwọn kò tíì pé nígbà tí wọ́n ṣí ìpàtẹ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Ṣùgbọ́n ará Sheffield tó ní ọkọ̀ ojúurin kò rí yìnyín dá lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kó dé ní ìparí oṣù kejì.

Kò sí owó ìsọ̀ rárá. Àyè inú ilé gíláàsì ìpàtẹ náà, èyí tí Joseph Paxton yàwòrán rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,848, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó ń kó oníṣòwò sí gbèsè ni gbogbo ìyókù: owó ọkọ̀ dé Hyde Park, títú ẹrù, kíkó àpótí òfìfo kúrò, àpótí onígíláàsì tí ọjà máa wà nínú rẹ̀, àti ìbánigbófò, nítorí Ìgbìmọ̀ Ọba ti sọ pé bí iná bá jó o tàbí olè bá gbé e, àwọn kò ní san án. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò ronú dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ogun ìjọba wọn, St. Lawrence, kó ẹrù wọn dé èbúté Southampton, kò sì sówó láti gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n sì tò ó. Oníṣòwò kan, George Peabody, ló yá wọn ní dọ́là 15,000.

Ẹ má fojú kéré àpótí onígíláàsì yẹn. Irin tí wọ́n dán bíi dígí kò fara da ọ̀rinrin ọwọ́: bí ẹnìkan bá fọwọ́ kan ojú ọ̀bẹ láìnù ún, ipa ìka yóò di ìpata láìpẹ́. Ilé náà fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ilé eruku. Wọ́n dìídì fi àlàfo sí àárín pákó ilẹ̀ kí eruku lè já sísàlẹ̀. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti ìgò òróró kékeré sí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ yín lórí ìtàgé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò mọ̀ pé òótọ́ ni.

Bó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ wá, wọ́n ń fún àwọn ẹlẹ́rọ ní agbára ooru omi lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí agbára tó fi ń ti nǹkan kò ju pọ́n-ùn 30 lórí ínṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ìta ni ìkòkò tí wọ́n ti ń se omi náà wà, páìpù ló ń gbé ooru wọlé. Ẹ̀tù, ìṣáná, ọtí líle, ẹran ààyè àti ohun tó lè jẹrà kò gbọdọ̀ wọlé.

Ní ti iye owó, èèwọ̀ ni. Ọjà kankan kò gbọdọ̀ gbé iye owó sára lójú àwọn òǹwòran, nítorí ẹ̀rù ń ba Ìgbìmọ̀ Ọba kí gbogbo ibẹ̀ má di ọjà lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ọ̀pọ́ ọjà rẹ̀ ni ìyìn rẹ̀ lè sọ iye owó náà fún àwọn adájọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ àtẹ kò gbọdọ̀ máa pe oníbàárà, ọjà kan kò sì gbọdọ̀ kúrò kí ìpàtẹ tó parí àyàfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó ta ohunkóhun nínú ilé náà. Kó bá àwọn tó fẹ́ rà pàdé ní ilé oúnjẹ tàbí ilé-ìtura nílùú, kí wọ́n ṣe àdéhùn níbẹ̀.

Bí ọ̀bẹ rẹ̀ bá ní ọgbọ́n tuntun kan nínú, ẹ rántí pé fífi nǹkan han gbogbo ayé ṣáájú páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún olùdásílẹ̀, lè sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù. Ìdí nìyẹn tí ilé aṣòfin fi ṣe òfin kan lọ́dún 1851 tó dáàbò bo iṣẹ́ tuntun àwọn olùpàtẹ fún ìgbà díẹ̀.

Mẹ́dàlì wúrà kò sí. Idẹ ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti pa èrò ẹ̀bùn owó tì kí ìpàtẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka 30 ni wọ́n pín ọjà sí, ẹ̀ka 21 ni ti ọ̀bẹ, àwọn ará òkèèrè sì wà lára àwọn adájọ́. Mẹ́dàlì Council, 170 péré, wà fún ọgbọ́n tuntun, kì í ṣe fún iṣẹ́ tó kàn dára. Mẹ́dàlì Prize, 2,918, ni ti iṣẹ́ àtàtà. Òun ló yẹ alágbẹ̀dẹ yín. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni wọ́n kéde èsì, lẹ́yìn tí wọ́n ti tilẹ̀kùn fún òǹwòran ní ọjọ́ 11, torí náà ìran ìkẹyìn ni kí ẹ gbé mẹ́dàlì náà sí. Ìgbà yẹn náà ló tó lè kó ọ̀bẹ rẹ̀ padà sínú àpótí, ó sì gbọ́dọ̀ sanwó ọkọ̀ wọn dé Sheffield fúnra rẹ̀.