Pọ́ǹpù Kòkó àti Ẹ̀yìn Tó Ń Ro: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ kòkó ni mí nítòsí ìlú Oǹdó, ẹni ọdún 52. Láti ìgbà tí òjò ti dé tí mo ti ń gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn fín oògùn sí kòkó, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro mí débi pé n kò lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà. Ọjọ́ 6 rèé. Àwọn kan ní jẹ̀dí-jẹ̀dí ni, kí n máa mu paraga. Ìyàwó mi ní kí n sùn sílẹ̀ títí yóò fi lọ. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Irú ìrora yìí, iṣan àti oríkèé ọ̀pá ẹ̀yìn ló sábà máa ń fà á. Jẹ̀dí-jẹ̀dí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Bí ẹ bá sùn gbalaja fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, iṣan tó ń gbé ẹ̀yìn ró yóò dẹ̀, ẹ̀yìn yóò gan, dídìde yóò sì nira ju ti àná lọ. Ẹ máa rìn ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀, 10 nírọ̀lẹ́, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí yóò fi di 30. Bó bá ń ro yín díẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn, kò túmọ̀ sí pé nǹkan ń já nínú ẹ̀yìn. Ẹ ri táwẹ́ẹ̀lì sínú omi gbígbóná, ẹ fún un, kí ẹ fi lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ wò ó kó má baà bó yín, pàápàá ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé gun ẹ̀yìn yín láti tẹ̀ ẹ́.

Ẹ lè lo oògùn ìrora ibuprofen 400 mg lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó má kọjá ọjọ́ 5. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó fẹnu kàn án. Ọtí líle ló wà nínú paraga. Bí òun àti ibuprofen bá pàdé nínú ikùn, inú lè ṣẹ̀jẹ̀. Ọtí náà á tún pa ìrora mọ́ yín lára, ẹ ó sì tún gbé pọ́ǹpù.

Ibi pọ́ǹpù yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lítà omi kan, kílò kan ni. Bí pọ́ǹpù lítà 16 bá kún, omi nìkan ti jẹ́ kílò 16, láìka ike àti irin rẹ̀. Ẹ ń bẹ̀rẹ̀ gbé e nílẹ̀, ẹ tún ń yí ara láti kọ́ ọ léjìká; bíbẹ̀rẹ̀ àti yíyí lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ ẹrù ló ń fa iṣan ya. Ẹ gbé e sórí kùkùté tó ga tó ìbàdí, ẹ kẹ̀yìn sí i, ẹ ki apá méjèèjì bọ okùn, kí ẹ fi itan dìde. Okùn méjèèjì gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn fín-in lọ́sẹ̀ yìí. Tí ẹ bá padà, lítà 8 ni kí ẹ kọ́kọ́ máa gbé. Ẹ dín oògùn náà sí ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò le jù. Ẹ ó pààrà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ gbé àgbá omi sún mọ́ ìdí kòkó.

Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 6, tàbí tí ibà bá bá a rìn, tàbí tí ẹ bá ń rù láìnídìí, ẹ lọ rí dókítà. Àmọ́ ẹ má dúró di ọ̀la bí abẹ́ àti àyíká ihò ìdí bá kú tipiri, bí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dá jáde, tàbí bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ti fún okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún àpòòtọ̀ mọ́, bí wọn kò bá sì tètè tú u sílẹ̀, ó lè má padà sípò mọ́. Kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn UNIMED ní Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè: Mo ń gún iyán tà nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Ṣé kí n ra bẹ́líìtì ìbàdí?

Ìdáhùn: Ẹ tọ́jú owó yín, Ìyá, bẹ́líìtì kì í dènà ẹ̀yìn ríro. Ọmọ odó ni kí ẹ wò. Bó bá kúrú, ẹ ó máa tẹ̀ síwájú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń gún. Tí ẹ bá dúró ṣánṣán, tí ìdí rẹ̀ wà nínú odó, ó yẹ kí òkè rẹ̀ tó yín láyà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ máa pààrọ̀ ẹsẹ̀, kí ẹ sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan tí ẹ bá ń kó iyán jáde.