Ṣé òkun ò ní gbé gbogbo èéfín wa mì ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Mo sọ fún wọn pé òkun máa ń fa gáàsì kábọ́nì inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ni ọ̀kan bá ní kí ló wá burú nínú ká máa jó epo lọ, ṣebí òkun á gbé e mì? Báwo ni kí n ṣe dá a lóhùn? A ò ní lábù o.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, tíṣà. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, ìbéèrè gidi ló bi yín. Òkun ń gbé e mì lóòótọ́. Gáàsì tá à ń tú sáfẹ́fẹ́ lọ́dọọdún, ti mọ́tò ni o, ti jẹnẹrétọ̀ ni o, ti igbó tá à ń sun ni o, òkun máa ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀, igbó àti ilẹ̀ náà á gba tiwọn, àmọ́ nǹkan bí ìdajì ṣì ń ṣẹ́ kù sókè. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà kan, Charles Keeling, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958, nǹkan bí 315 ló wà nínú mílíọ̀nù kan ẹyọ afẹ́fẹ́, ó ti lé ní 420 báyìí.

Ibi tó le sí ni pé àyè ò tán nísàlẹ̀ òkun, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ló lọ́ra. Omi tó tutù, tó níyọ̀ dáadáa, bíi ti ẹ̀gbẹ́ Greenland, máa ń wúwo, á rì, á sì gbé gáàsì náà dání lọ sísàlẹ̀, ó lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kó tó padà sókè. Àwọn ewéko kéékèèké tí ojú ò rí náà ń jẹ ẹ́ lójú omi, tí wọ́n bá kú, díẹ̀ nínú wọn á rì. Torí náà ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé tá a bá dáwọ́ dúró, òkun á gbé èyí tó pọ̀ jù mì, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló máa gbà á.

Lábù kọ́, mínírà méjì lẹ máa rà. Ẹ fi ọ̀kan sínú yìnyín, ẹ gbé ìkejì sóòrùn díẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣí méjèèjì. Eléyìí tó gbóná á hó yàà, torí omi gbígbóná ò lè di gáàsì mú tó omi tútù, gáàsì kábọ́nì yẹn kan náà ló sì wà nínú mínírà. Òkun ló ti gba ohun tó ju ìdá 90 nínú 100 ooru tá a fi kún ayé, bó ṣe ń gbóná sí i ni agbára ẹ̀ láti fa gáàsì ń dín kù, omi gbígbóná á tún fúyẹ́ sókè, kò ní fẹ́ pò pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀.

Ẹ tún ju èèpo ẹyin sínú fínígà kí wọ́n wò ó bó ṣe ń hó tó sì ń yọ́. Gáàsì yẹn máa ń di ásíìdì nínú omi, pH ojú òkun, ìyẹn òṣùwọ̀n ásíìdì tó jẹ́ pé bó bá ṣe ń dín kù ni ásíìdì ń pọ̀ sí i, ti kúrò ní nǹkan bí 8.2 sí 8.1, ó dà bíi pé kò tó nǹkan àmọ́ ásíìdì ẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 lágbára sí i, ó sì ń ni àwọn ẹran omi lára láti kọ́ ìkarahun wọn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàlàyé fún wọn pé òkun ò kan tó fínígà rárá o.

Wọ́n máa béèrè Ayétòrò, ìlú etíkun ní Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí òkun ń jẹ, ó dájú. Omi gbígbóná máa ń fẹ̀, yìnyín orí ilẹ̀ tó ń yọ́ náà ń dà kún un, òkun sì ń ga, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé ìyẹn nìkan ló ń jẹ ìlú yẹn, torí ìgbì òkun ń wó etíkun tó jẹ́ ẹrẹ̀ rírọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ náà sì lọ sílẹ̀ púpọ̀.