Wáyà sẹ́nsọ̀ tó ti gbẹ: ṣé odidi rẹ̀ ni kí n pààrọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Camry 1999 ni mò ń wà ní Adó-Èkìtì. Bí mo bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ọkọ̀ á máa já, iná ẹ́ńjìnì á tàn. Bí mo bá dé ibi tó tẹ́jú, wàhálà tán. Rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tẹ wáyà sẹ́nsọ̀ omi (èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí omi ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó), rọ́bà ara rẹ̀ sì fọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ó ní kí n ra odidi wáyà ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀. Ṣé dandan ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe dandan. Tòkunbọ̀ náà ti jẹ ooru tó tiyín, ẹ lè fowó ra àìsàn kan náà. Ooru ẹ́ńjìnì àti ọ́ìlì tó ń kán ló gbẹ rọ́bà náà. Tí ẹ bá ń gun òkè, ẹ́ńjìnì ń fì lórí ìjókòó rẹ̀, ó ń fa wáyà. Bàbà tó ti là síta á kan irin tàbí kan ara wọn, irọ́ ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò máa kà.

Ẹ kọ́kọ́ wọn sẹ́nsọ̀ omi fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bíi 20°C, mítà yẹ kó ka 2,000 sí 3,000 ohm. Ní 80°C, 200 sí 400. Bó bá bá a mu, ẹ má ra sẹ́nsọ̀. Ẹ wá tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mi ìdì wáyà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìró ẹ́ńjìnì bá ti yí padà ni ẹ ó ṣiṣẹ́ sí.

Ẹ tú nẹ́gẹ́tífù bátìrì. Ẹ tú tépù títí dé ibi tí wáyà ṣì rọ̀, tí ẹ ká a tí kò là. Ibẹ̀ ni ẹ ó gé. Ọ̀pọ̀ ń gé e lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, wọ́n á so tuntun mọ́ òkú. Wáyà ọkọ̀ 0.5 tàbí 0.85 mm² tó lè gba 125°C ni kí ẹ lò. Wáyà iná ilé ò ní í pẹ́ níbẹ̀ rárá.

Ẹ gé ọ̀kan, kí ẹ so ó tán, kí ẹ tó gé èkejì, torí àwọ̀ wọn ti ṣá. Ẹ jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 3 jìnnà síra. Bàbà tó bá ti dúdú, ẹ ha á títí yóò fi dán. Rọ́bà tó ń súnkì bí ooru bá kàn án, èyí tó ní gúlù nínú, ni ẹ ó kọ́kọ́ kó sórí wáyà. Àìmọye ènìyàn ń jó lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ láti so wáyà pọ̀) tán kó tó rántí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì máa ń jẹ́ kí wáyà le, nítorí náà ẹ má fi ojú ìsopọ̀ síbi tó ti ń ṣẹ́po.

Wáyà sẹ́nsọ̀ ọ́síjìn, èyí tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín ọkọ̀, yàtọ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba afẹ́fẹ́ gba inú wáyà, lẹ́ẹ̀dì á dí i. Irin ìsopọ̀ tí wọ́n ń fi páńsà tẹ̀ ni kí ẹ lò. Èyí tó bá sì ní àwọ̀n irin lára, ẹ má gé àwọ̀n náà dànù. Òun ló ń dènà ariwo iná plọ́ọ̀gì.

Ẹ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ kí wáyà má baà tún fà, kí ẹ sì jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Tépù aláṣọ ni kí ẹ fi dì í. Gúlù ti náílọ́nù á yọ́.

Bí ẹ bá tú u dé ògiri tó pín ẹ́ńjìnì àti inú ọkọ̀ níyà, tí rọ́bà wáyà ṣì ń fọ́, ìgbà yẹn ni odidi rẹ̀ yá. Ẹ yáa jẹ́ kí wọ́n fi wáyà tuntun hun ún.